Ẹ̀rọ Ìsàba Tí Ń Gbàgbé Ọjọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Mubarakah ń bu ẹ̀kọ sínú abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Happiness ló ń pè, obìnrin tó ń mójú tó ilé ìpa-ẹyin Mọ́mì Káyọ̀dé ní Ayọ̀bọ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Àwọn òròmọdìẹ ti ń sọ èèpo ẹyin, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín ṣì ń yí wọn."

Mubarakah ò béèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ó gbé ẹ̀kọ kalẹ̀, ó fa híjáàbù borí, ó mú àpò irinṣẹ́, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ láti Baruwa. Gbogbo ọ̀nà tó ń mì wọ́n bí asẹ́ ló fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ̀ẹ́ ohun tí òun ń rò.

Ohun tó ń rò náà ni.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin adìẹ fi ń wà lábẹ́ ìyá rẹ̀ kó tó pa. Adìẹ tó bá ń sàba a máa yí ẹyin rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo, ẹ̀rọ ìsàba náà sì gbọ́dọ̀ máa yí wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọjọ́ kejìdínlógún, yíyí gbọ́dọ̀ dúró, torí ọmọ inú ẹyin ti ń kọjú síbi tí yóò fẹnu lu. Bí wọ́n bá ṣì ń yí i nígbà náà, kò ní mọ ibi tí ọ̀nà wà mọ́. Mubarakah ló ṣe pátákó ẹ̀rọ tó ń ka ọjọ́ nínú àpótí ńlá náà, tó ń mọ ìgbà tó yẹ kó yí ẹyin àti ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́. Ọjọ́ tí Happiness pè é yìí, ogúnjọ́ ni ẹyin náà wà nínú àpótí. Ohun tí ojú ẹ̀rọ kọ ni "Ọjọ́ 3."

Wọ́n pa yíyí náà lójú ẹsẹ̀, wọ́n bu omi sínú àwo kí afẹ́fẹ́ inú àpótí lè ní ọ̀rinrin, wọ́n sì dúró. Nínú ẹyin ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìdínlọ́gbọ̀n, mọ́kànlélógójì péré ló jáde láàyè, púpọ̀ nínú wọn ò sì lè fẹsẹ̀ dúró. Happiness ń ṣà wọ́n sínú páálí, ó ń sunkún.

"Mo rí ọjọ́ mẹ́ta tó kọ, Àǹtí. Mo wá rò pé bóyá èmi ni mo ṣì í kà. Mo ní ẹ̀rọ ò lè parọ́ ṣá."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Mubarakah lọ́kàn ju iye ẹyin tó bàjẹ́ lọ.

Ẹgbẹ̀dá ni wọ́n ti bí Mubarakah. Abdulsobur, bàbá rẹ̀, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń wé wáyà tuntun sínú mọ́tò fáànù àti ẹ̀rọ tí ń fa omi, èyí tí iná bá ti jó. Ọmọbìnrin yìí nìkan ló máa ń ti ilé kéú wá jókòó síbẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún, tó ń ka iye ìgbà tí wáyà yí po kọ́ìlì. Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe, ó kọ́ nípa ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ló ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Julius, tó ń fi ẹ̀rọ ìtọpinpin sára ọkọ̀ ní Ìkòtún. Ibẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò sínú àwọn ọpọlọ ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ tí kò tó èékánná. Ọdún méjì ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló fibẹ̀ sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pátákó fún ẹ̀rọ ìsàba nínú yàrá kan nílé òun àti ọkọ rẹ̀. Sùrájù lorúkọ ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò ni ní Ìgàǹdó. Ẹ̀rọ méjìdínlógún ló ti tà. Mẹ́rin nínú wọn ló wà lọ́wọ́ Mọ́mì Káyọ̀dé.

Mọ́mì Káyọ̀dé, Susanna lorúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un, ò sí nílé nígbà tí ẹyin náà bàjẹ́. Ó ti lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Iléṣà, ó sì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́hùn-ún. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé. Mubarakah ti jókòó dè é nínú ọgbà. Láti àná ló ti ń tò ó sínú ọkàn rẹ̀ pé iná ni òun máa dá lẹ́bi. Ta ni kò mọ̀ pé iná Ayọ̀bọ̀ lè lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kí oòrùn tó wọ̀?

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Mà. Ẹ kú ìsìnkú. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́yìn wọn ó dáa."

"Àmín o. Dìde, ọmọ mi. Happiness ti ròyìn fún mi lórí fóònù." Màmá náà jókòó sórí àga onírọ́bà, ó bọ́ bàtà. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mà, iná ló..."

"Mubarakah." Kò pariwo. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí. Bí iná bá lọ nígbà tí obìnrin ń rọbí, ṣé mo máa gbàgbé pé ó ń rọbí ni? Àtùpà ni màá tàn, màá sì máa bá iṣẹ́ mi lọ níbi tí mo bá a dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Iná ti ń lọ ní Ayọ̀bọ̀ kó o tó ṣe ẹ̀rọ yìí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó o tó ṣe é. Lílọ iná ò ya ìwọ náà lẹ́nu, àbí?"

"Rárá, Mà."

"Mi ò ní kó o san ohunkóhun fún mi. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé èèyàn lè ṣe ẹ̀rọ tí kò ní gbàgbé? Bí kò bá ṣeé ṣe, sọ fún mi, kí n padà sídìí kàlẹ́ńdà tí mò ń sàmì sí lára ògiri."

Mubarakah gbójú sókè. "Ó ṣeé ṣe, Mà."

"Nígbà wo?"

"Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta."

"Mo gbọ́. Oṣù mẹ́ta."

Nígbà tó délé, ó tú pátákó ẹ̀rọ tó yọ wá láti Ayọ̀bọ̀ palẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ka gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹ̀bi òun gan-an ni. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń tọ́jú, ọjọ́ tó dé, iye ìgbà tó ti yí ẹyin, ìwọ̀n ooru, fáìlì ni wọ́n jẹ́ nínú ṣíìpù dúdú kékeré kan. Ojú ewé kan ṣoṣo nínú ṣíìpù náà ló ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ sì dà bíi wàláà ilé kéú: èèyàn ò lè kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ wàláà náà mọ́. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ Mubarakah ń fọ ojú ewé yẹn, ó ń tún un kọ. Bí iná bá lọ lẹ́yìn fífọ̀, kó tó kọ tuntun, òfìfo ni yóò bá nígbà tí iná bá dé. Kò ní mọ̀ pé òun ti sàba rí. Á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì. Oríire nìkan ló ń gbé e kiri.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá Ọ̀gá Julius ní Ìkòtún, kí ó lè fi lọ̀ ọ́ pé òun fẹ́ fọwọ́ ara òun kọ ètò tuntun tí yóò máa tọ́jú fáìlì inú ṣíìpù. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ dópin, ó rẹ́rìn-ín.

"Mubarakah, ta ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ètò fáìlì láyé ìsìnyí? Iṣẹ́ àwọn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nìyẹn jàre. Ọ̀pọ̀ ló wà nílẹ̀ tí wọ́n ti kọ. Mú ọ̀kan níbẹ̀."

"Mo ti gbé mẹ́ta wò, Sà. Èyí tó dáa jù nínú wọn, ààyè tó fẹ́ fi ronú nìkan ju gbogbo ààyè tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ mi lọ."

"Ra ọpọlọ tó tóbi, nígbà náà."

"Owó ẹ̀rọ á di ìlọ́po méjì. Àwọn tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé wọn ò ní lè rà á mọ́."

Julius gbọn orí. "Wàá lo ọdún kan lórí ẹ̀, yóò sì tún gbàgbé. Àwọn tó jù ẹ́ lọ ti gbìyànjú ẹ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọlúàbí, ó sì jáde. Bó ṣe ń sọdá títì, ó ń sọ ọ́ sára rẹ̀ pé, pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe bàbá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Sùrájù bá a lórí ilẹ̀ pálọ̀ tó ń fi àlùmọ́gàjí gé bébà sí wẹ́wẹ́.

"Ìyá Zikrullah, kí lò ń gé?"

"Ojú ewé ìrántí. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Jókòó, mo fẹ́ kó o ràn mí lọ́wọ́. Èmi ni ẹ̀rọ. Màá máa kọ ọjọ́ sára wọn. Ìgbà tó bá wù ẹ́ ni kó o pariwo pé iná lọ. Bó o bá ti pariwo, màá ju bírò sílẹ̀, ibi yòówù tí mo bá dé. Lẹ́yìn náà ni wàá wo bébà, wàá sọ ọjọ́ tó jẹ́ fún mi."

Sùrájù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó lejú mọ́ bírò rẹ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku.

"Iná lọ!"

Ó ju bírò sílẹ̀. Ọjọ́ 1 ló kọ, ó ku 4 tí ìbá fi di ọjọ́ kẹrìnlá.

"Ọjọ́ kìíní," ni Sùrájù sọ.

"Àṣìṣe. Ọjọ́ kẹrìnlá ni. Báwo ni wàá ṣe mọ̀ pé mi ò tíì kọ ọ́ tán?"

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Fi ẹlẹ́rìí sí i. Bí àwa ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ láti yẹ ìṣirò wò. Ro gbogbo nọ́ńbà tó o kọ pọ̀, kó o kọ àròpọ̀ ẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí àròpọ̀ ò bá bá tòkè mu, irọ́ ni bébà yẹn ń pa."

"Ẹlẹ́rìí," ni Mubarakah tún wí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. "Tún pariwo."

Wọ́n ṣe é títí tí wọ́n fi pe ìrun Màgáríbì. Nígbà tí wọ́n fi dìde, òfin mẹ́ta ló ti wà nínú ìwé Mubarakah. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bébà tí ọ̀rọ̀ òótọ́ tó kẹ́yìn wà lára rẹ̀ títí tuntun yóò fi wà nílẹ̀ lódindi. Èkejì, bébà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ẹlẹ́rìí tirẹ̀, kí ẹ̀rọ tó jí lè wá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù nínú àwọn tí ẹlẹ́rìí wọn ò tako wọn. Ẹ̀kẹta, kó máa kọ kiri láti bébà kan sí òmíràn, torí fífọ̀ máa ń gbó ṣíìpù, bí a bá sì ń fọ ojú kan náà lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lu.

Ìgbà tó wá jókòó kọ ọ́ ló rí i pé òfin ò le tó ìlò rẹ̀. Gbogbo ètò náà gbọ́dọ̀ wọ inú ààyè tó kéré débi pé lẹ́tà sí ìbátan gan-an lè ṣàìgbà nínú rẹ̀. Ó kọ, ó pa rẹ́. Ó kọ, ó tún pa rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń gba iṣẹ́ títún àwọn ẹ̀rọ mìíràn ṣe láàárọ̀ kí ilé lè jẹun, ọ̀sán ló sì fi ń kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kọjá kí ẹ̀rọ náà tó kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ tó sì kà á padà láìṣìnà.

Ó wá ṣe àpótí kan tó ń pa iná fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tó ń tàn án padà, nígbàkúùgbà, láìlétò. Ó ní kí ẹ̀rọ máa kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan dípò ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ rẹ̀ sì máa sáré, kí ìdánwò lè yá. Swíìṣì náà ń dún kà, kà, kà lórí tábìlì, kọ̀ǹpútà sì ń ka iye ìgbà. Ẹgbẹ̀rún kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Nígbà tó pé ẹgbàárùn-ún, tí ẹ̀rọ ò tíì gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Sùrájù pàtẹ́wọ́.

"Gbé e lọ sí Ayọ̀bọ̀."

"Rárá. Jẹ́ kó ṣì máa dún."

"Kí lo tún ń wá?"

"Mi ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá a."

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, ẹ̀rọ tó ti dé ọjọ́ kẹtàdínlógún jí, ó sì sọ pé ọjọ́ kẹrìndínlógún ni òun wà. Lẹ́yìn ìyẹn kò síwájú mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá jí, ibẹ̀ náà ló ń padà sí. Mubarakah pa swíìṣì. Ó ka àwọn ojú ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí i. Ààyè tó fún nọ́ńbà bébà kéré jù. Kò lè kọjá 65,535. Bó ti dé orí iye yẹn, ó padà sí òdo, ẹ̀rọ sì ń rò pé àwọn bébà àtijọ́ tí nọ́ńbà wọn ga ni tuntun. Ó mú bírò, ó ṣírò ohun tí ìyẹn ìbá jẹ́ ní Ayọ̀bọ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kọ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ márùndínláàádọ́ta. Àkọ́pa á yọrí, ìpa kejì á yọrí, gbogbo ènìyàn á ti máa yìn ín. Bí ìkẹta bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dojú dé.

Ó fún nọ́ńbà náà láàyè tó fẹ̀ débi tí ṣíìpù yóò ti gbó kó tó kún, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lákọ̀tun láti orí òdo.

Oṣù kejì ti ń lọ sópin nígbà tó lọ kí bàbá rẹ̀ ní Ẹgbẹ̀dá. Bàbá Abdulsobur ti ń darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran wé wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣàìlọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mubarakah gbé ẹ̀rọ àti àpótí tó ń pa iná dání kó lè fi hàn án. Bàbá tẹ́tí sí swíìṣì fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run ó fi àlùbáríkà sí i. Ṣùgbọ́n iná Ayọ̀bọ̀ kì í kú báyìí."

"Báwo ló ṣe ń kú, Bàbá?"

"Tìẹ yìí, ó ń kú bí ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí. Iná tiwa, ó máa ń dákú kó tó kú. Wàá rí fáànù tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, gílóòbù á pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún. Kò tíì lọ, kò sì sí níbẹ̀. Ìyẹn ló ń jó mọ́tò tí wọ́n ń gbé wá bá mi láti ọdún yìí wá. Èyí tó bá lọ pátápátá kì í jó nǹkan kan."

Ó dìde, ó wọ́ kọ́ìlì ńlá kan tó ní ọwọ́ yíyí jáde láti abẹ́ tábìlì. Bí èèyàn bá ń yí ọwọ́ náà sísàlẹ̀, iná tó ń ti ibẹ̀ jáde á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n so ẹ̀rọ Mubarakah mọ́ ọn. Bàbá yí i wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jẹ́ kó wà láàárín yíyè àti kíkú, ó sì tún yí i sókè.

Ẹ̀rọ náà jí. "Ọjọ́ 0."

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ tó ti ń dákú ti kọ ìsọkúsọ lé àwọn bébà tó dáa lórí, bí ẹni tí ibà ń ṣe tó ń fọwọ́ gbá àwo dànù.

Mubarakah jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Oṣù méjì. Omi lé sí i lójú. Ó rò ó pé bóyá òótọ́ ni Ọ̀gá Julius sọ. Bàbá rẹ̀ fa àga sún mọ́ ọn.

Nígbà tó ṣe, Mubarakah nu ojú. "Bàbá, bí mọ́tò bá wà lórí iná tó ń dákú, kí lẹ máa ń ṣe kó má baà jó?"

"Màá já a kúrò lórí iná kí iná tó já a. Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Tí ara ò bá le, kéèyàn má ṣe gbé ẹrù."

Ó dìde lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa wọn agbára iná kó tó kọ ohunkóhun. Bí iná bá ti rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó káwọ́ gbera, kí ó má fọ nǹkan kan, kí ó má kọ nǹkan kan, títí iná yóò fi le padà. Ó sì so kàpásítọ̀ kan mọ́ pátákó, èyí tó ń gba iná díẹ̀ pamọ́, kí bébà tó bá ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná bá ń lọ lè parí. Ó gbé e padà sí Ẹgbẹ̀dá. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá fi ń yí ọwọ́ kọ́ìlì sókè sódò láàárín ìrun kan sí òmíràn, tó ń kígbe ọjọ́ tó bá rí lójú ẹ̀rọ sí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò gbàgbé mọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù mẹ́ta pé tó gbé e dé Ayọ̀bọ̀. Mọ́mì Káyọ̀dé ò sọ púpọ̀. Ó kó ẹyin ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìdínlọ́gbọ̀n sínú àpótí. Kò fi ọ̀kan dín in.

"Mà, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ kó ọgọ́rùn-ún sí i?" ni Mubarakah bẹ̀ ẹ́.

"O ní ó ṣeé ṣe tàbí o ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́, Mà."

"Ó parí nìyẹn."

Fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, Mubarakah ń lọ sí Ayọ̀bọ̀ lójoojúmọ́, òjò ń rọ̀, ọ̀nà ń yọ̀. Happiness gbé ìwé kan kọ́ sára ògiri, ó ń sàmì sí i nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró níwájú àpótí. Ọwọ́ irin tó ń yí ẹyin tẹ̀ sósì, ó padà sí àárín, ó sì dúró. Kò tún mira mọ́. Happiness pariwo, ó dì mọ́ Mubarakah. Mọ́mì Káyọ̀dé fi etí lé ara àpótí náà bí ẹni tó ń gbọ́ ọlẹ̀ nínú aboyún.

Ní ọjọ́ tí wọ́n pa, ariwo òròmọdìẹ ti gba ilé kí Mubarakah tó wọlé. Irinwó ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló jáde, wọ́n ń já ara wọn gbà nínú páálí. Àwọn yòókù ò ní ọmọ nínú láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti kú ní kékeré, bó ṣe máa ń rí lábẹ́ adìẹ pàápàá. Mubarakah ka ohun tó wà nínú ìrántí ẹ̀rọ: iná lọ nígbà mẹ́tàléláàádọ́rin. Ìwé Happiness ń sọ pé mọ́kànléláàádọ́rin.

Happiness wo ìwé rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ. "Ọjọ́ Ìsinmi. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ lẹ́yìn mi."

Mọ́mì Káyọ̀dé gbé òròmọdìẹ kan, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wò, ó wo ìdodo rẹ̀, ó dá a padà. Mubarakah ń retí ohun tí yóò sọ.

"Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?" ni màmá náà wí.

"Mà?"

"Ẹ̀rọ mẹ́rin ni mo rà lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà wo lo máa tún àwọn mẹ́ta yòókù ṣe?"

"Lọ́la, Mà."

"Àwọn tó o tà fún ẹlòmíràn ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

Ojú ti Mubarakah díẹ̀. Ó ti ń rò ó, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ síta. "Màá lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Ẹ̀rọ mẹ́rìnlá ló kù níta, ó tọ̀ wọ́n lọ kárí Ìpájà, Ìgàǹdó, Ìkòtún, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé iṣẹ́ òun ní àbùkù tẹ́lẹ̀ àti pé òun wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ dúpẹ́. Bàbá kan ní àdúgbò Command kọ̀ jálẹ̀.

"Tèmi ò ṣe nǹkan kan. Má fọwọ́ kàn án."

"Sà, kò tíì ṣe nǹkan kan ni."

"Ohun tí kò bàjẹ́, a kì í tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà lọ. Nígbà kẹta, ó gbé kọ́ìlì bàbá rẹ̀ dání, ó fa iná wálẹ̀ lójú bàbá Command náà kó fojú ara rẹ̀ rí bí ẹ̀rọ ṣe gbàgbé ọjọ́ kẹsàn-án. Bàbá náà lọ gbé àga wá fún un.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Mubarakah ti gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Baruwa, obìnrin méjì ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Julius ti wá béèrè bóyá ètò fáìlì náà lè wọ inú ẹ̀rọ ìtọpinpin ọkọ̀ tirẹ̀. Mubarakah ní ó lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ jọ jókòó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ọ̀gá lè mọ ohun tó ń gbé lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń ta ṣíìpù fún un pè é pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú èyí tó ń lò ò ní ṣe é mọ́. Èyí tó kù lọ́jà, ìlọ́po mẹ́jọ ni ojú tó máa ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fi tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ètò tó kọ ò sì lè gba inú rẹ̀ bó ṣe wà. Sùrájù wò ó lójú, ó rò pé yóò banújẹ́.

"Kí la máa ṣe?"

"A máa tún un kọ ni," ni Mubarakah dá a lóhùn. Ó na ọwọ́ mú àlùmọ́gàjí àti bébà. "Bó o bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́la, wá jókòó tì mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ lo máa jẹ́ ẹ̀rọ."